Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbi ẹran sísun, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹran náà wálé

Ìyá Ìbejì kan tó ń gbé ní Ouando, l'Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, ló kọ ìwé yìí sí mi:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ṣe àríyá orin àti ẹran sísun ní pápá kan tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kí gbogbo wa lọ: àwọn ìbejì tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 6, Ìdòwú wọn tó jẹ́ ọmọ oṣù 7, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti Kétu wá kí wa. Màmá ní àwọn kò ní í lọ, pé àwọn ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ débẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, a ra adìyẹ sísun níbi irú àríyá bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Èmi àti ọkọ mi jẹ tiwa lórí ìdúró. Àwọn ìbejì ń ṣeré, wọn kò jẹun, a bá gbé tiwọn wálé nínú ọ̀rá. Aago 10 alẹ́ ni wọ́n tó ní ebi ń pa àwọn. Mo gbé adìyẹ náà kaná, ó gbóná yaya, wọ́n jẹ ẹ́. Kò ju aago 1 òru lọ tí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí inú ń lọ́ wọn. Èmi àti bàbá wọn, nǹkan kan kò ṣe wá. Màmá ní iná ìta ló fà á, pé ẹran tí wọ́n bá sun níta kì í jinná dénú. Ọkọ mi ní a kò lè torí ìyẹn fi ìgbádùn du àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tún wà ńbẹ̀: àwa ń jẹ ẹ́, màmá tí wọ́n jẹ́ Àlháájà kò jẹ ẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé mo sì lè gbé ọmọ oṣù 7 lọ síbi tí ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ bá mi kí Àlháájà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mi ò fojú di ẹ̀rù tó ń bà wọ́n. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọmọ méjì tó ń bì lóru kan náà kò ní í yára gbàgbé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìmọ́tótó oúnjẹ ni mo ti ń ṣe láti ìgbà pípẹ́, ohun tí mo sì rí nínú ìwé yín kò tọ́ka sí iná rárá. Ó tọ́ka sí wákàtí 5 tí adìyẹ náà fi wà nínú ọ̀rá. Torí náà, ẹ lọ. Kí Àlháájà náà bá yín lọ. Ẹ jẹ ẹran yín níbẹ̀ nígbà tó ṣì ń gbóná, kí ẹ má sì gbé ìkankan wálé nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ wo aago tí ẹ kọ. Iná kan náà ló sun ún, adìyẹ kan náà ni. Ẹ̀yin àgbàlagbà jẹ ẹ́ ní aago 5, ara yín le. Ká ní kò jinná ni, ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ni ì bá kọ́kọ́ mú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó máa ń wà lára adìyẹ tútù, irú bíi Salmonella, kì í sì í sáábà yára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń lò tó wákàtí 6 ó kéré tán, ó sì lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ènìyàn. Ti àwọn ìbejì kò ju wákàtí 3 lọ. Èébì tó bá tẹ̀ lé oúnjẹ kíákíá báyìí, oró tó ti wà nínú oúnjẹ kó tó dé ẹnu ló sáábà máa ń fà á.

Kòkòrò tó gbajúmọ̀ jù fún irú oró yìí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Staphylococcus aureus. Ara àwa ènìyàn ló ti sáábà máa ń dé inú oúnjẹ: láti ihò imú, láti awọ ara, láti ojú egbò, láti ojú éwo. Ẹni tó fi ọwọ́ nu imú tó sì fi ọwọ́ kan náà gé ẹran tó ti jinná, ó ti fi kòkòrò ṣe èènì fún oníbàárà nìyẹn. Iye tó kọ́kọ́ bọ́ sára ẹran kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ kò fi ní í mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹran tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ọ̀rá, ẹ so ó lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ nínú ooru Àjàṣẹ́ fún wákàtí 5. Wọ́n á bí sí i, wọ́n á rẹ̀ sí i, wọ́n á sì máa tu oró sára ẹran. Nígbà tí ẹ gbé e kaná ní aago 10, iná pa kòkòrò, kò ran oró. Ẹni tí ejò ti bù ṣán, pípa ejò kò yọ oró kúrò lára rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ka ìwé mi dé fún Àlháájà, nítorí àwọn ìyá wa gbà gbọ́ gidigidi pé oúnjẹ tí a bá ti tún gbé kaná ti bọ́ nínú ewu. Gbígbé kaná máa ń ran ọbẹ̀ tí a kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹran tó ti lo ìrọ̀lẹ́ títí di alẹ́ nínú ọ̀rá kọjá ohun tí iná lè tún ṣe. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ìyá tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò jẹ́ kó gbóná tó. Ó gbóná tó, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí ẹ tó dáná.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ìmọ̀ràn tó rọrùn lórí èyí. Kí inú oúnjẹ gbóná dé ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí a bá ń sè é. Kí oúnjẹ tó ti jinná má ṣe wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Bí a bá fẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ, tàbí kó wà nínú fìríìjì níbi tí kò ti tó ìwọ̀n 5. Àárín 5 sí 60 yẹn ni kòkòrò ti ń gbilẹ̀, àárín rẹ̀ náà sì ni ilé wa, ọjà wa àti inú ọkọ̀ wa wà láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, èmi kì í jẹ́ kó tó wákàtí 2. Wákàtí 1 ti tó.

Ó ku ibi tí ẹ ó ti rà á. Ẹ tètè dé. Mo fẹ́ràn kí ènìyàn débẹ̀ nígbà tí èédú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn, kí èrò tó kún. Nígbà yẹn, ẹni tó ń sun ẹran ṣì ráyè fọwọ́, ẹ̀yin náà sì lè dúró wò ó láìsí ẹni tó ń tì yín lẹ́yìn. Ẹ má tíì wo ẹran. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́. Ṣé omi àti ọṣẹ wà nítòsí rẹ̀? Omi tó ń ṣàn láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni mo ń wí, kì í ṣe abọ́ kan tí gbogbo ọwọ́ ti ń bọ̀ láti ọ̀sán. Ṣé ẹni tó ń gba owó náà ló ń gé ẹran? Owó bébà tí gbogbo ìlú ti dì mú, láti orí zémíjàn, ọ̀kadà tó ń kó èrò, dé ọjà Ouando, kò yẹ kó pàdé ẹran tó ti jinná lórí ọwọ́ kan náà. Bí ẹ bá rí ibi tí ìyàwó ti ń gba owó tí ọkọ dúró ti iná, tàbí tí ọkọ ń gba owó tí ìyàwó ń gé ẹran, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ̀yà ara mìíràn tí mo máa ń wò ni ìka: ẹni tí egbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò dì í, ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Lẹ́yìn ọwọ́, ẹ wo abọ́ àti ọ̀bẹ. Ẹran tútù ní abọ́ tirẹ̀, èyí tó ti jinná ní tirẹ̀. Ohun tí mo máa ń rí jù, tó sì ń dùn mí jù torí pé kò gba owó láti tún un ṣe, ni kí wọ́n kó ẹran tútù jáde láti inú abọ́ ńlá kan, kí wọ́n sun ún dáadáa, kí wọ́n sì tún dá a padà sínú abọ́ yẹn kan náà, pẹ̀lú omi ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wàhálà iná ti di òfo. Bákan náà ni ẹ̀mú tó gbé ẹran tútù sórí àwọ̀n irin tí wọ́n tún fi ń gbé èyí tó jinná sọ̀kalẹ̀. Òróró àti ata tí wọ́n fi rẹ ẹran tútù náà wà lára rẹ̀: àwọn kan á tún fi í pa ẹran lára nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e fún oníbàárà, kí ó lè máa dán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀yàyà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ọ̀bẹ mìíràn gé e." Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í bínú.

Adìyẹ ni kí ẹ ṣọ́ jùlọ. Ara rẹ̀ nípọn ní itan, iná èédú sì máa ń yára mú awọ. Awọ á ti dúdú, oríkèé á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e fún yín, kí ẹ tó fi fún ọmọ, ẹ ya itan kúrò lára rẹ̀ ní oríkèé. Bí omi tó jáde bá mọ́ gaara, tí ẹran sì ń ya kúrò lára egungun, ó ti jinná. Bí ó bá pupa tàbí tó ń fà bíi rọ́bà, ẹ dá a padà sórí iná. Ibì kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fura sí. Kí èrò má baà dúró pẹ́, àwọn mìíràn máa ń fi àárọ̀ sun adìyẹ dé ìdajì, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á sì máa gbé e padà sórí iná ní ìrọ̀lẹ́ bí oníbàárà bá ṣe ń dé. Ìdajì sísun yẹn mú inú adìyẹ lọ́wọ́ọ́wọ́ láìpa ohun tó wà níbẹ̀, ó sì fún un ní gbogbo ọ̀sán láti gbilẹ̀. Bí ẹ bá rí òkìtì adìyẹ tó ti pọ́n díẹ̀ tó ń dúró de iná, ẹ lọ síbòmíràn. Ẹ ra èyí tí ẹ fojú yín rí tó ti tútù bọ́ sórí iná, bó tilẹ̀ gbà yín ní wákàtí kan. Kí àwọn ìbejì máa wo ìlù lọ ní tiwọn.

Tchatchanga, ẹran àgbò tí àwọn Haúsá ń sun, kì í bà mí lẹ́rù tó adìyẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni tchintchinga tí wọ́n fi igi gún. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé e, iná sì ń tètè dé inú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ni lẹ́yìn iná: wọ́n á gé e sórí pátákó, wọ́n á bu àlùbọ́sà tútù àti kankankan lé e, wọ́n á sì fi ìwé dì í. Ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ni àwọn mìíràn ṣì ń lò. Ẹ gbé abọ́ tiyín dání láti ilé. Kankankan náà, ẹ̀pà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ata. Ọmọ tí ẹ̀pà bá ti mú kí ètè rẹ̀ wú tàbí kí ara rẹ̀ sú rí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹja inú ọ̀sà tí wọ́n bá sun lódidi dára, ẹ kàn fara balẹ̀ yọ egungun rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ibi tó bá ti di èédú lára ẹran, ẹ gé e sọnù, kò ṣe ara lóore.

Moyo ńkọ́? Àlùbọ́sà, tòmátì àti ata tútù tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ pò, ta ni kò fẹ́ ẹ lórí ẹja tàbí adìyẹ sísun? Èmi náà fẹ́ ẹ. Àmọ́ iná kò kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Bí omi tí wọ́n fi fọ tòmátì ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni moyo ṣe rí. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò lágbára tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ẹ ṣe tiyín nílé kí ẹ tó jáde, kí ẹ dé e sínú ìkòkò kékeré. Ẹ gbé ẹ̀kọ yín dání nínú ewé rẹ̀. Omi inú ọ̀rá tí a kò tíì tú ni kí àwọn ọmọ mu, láìsí yìnyín ìta nínú rẹ̀.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, ìdílé bíi tiyín pọ̀ l'Àjàṣẹ́, a sì ti ń gbé pọ̀ láìsí ìjà. Mọ́sálásí ńlá wa gan-an, àwọn Àgùdà tí ìran wọn ti Brazil dé ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rí lọ́hùn-ún. Ẹlẹ́dẹ̀ Adjarra, ìlú tó wà nítòsí wa, lókìkí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí i níbẹ̀. Ẹ má sọ fún Àlháájà pé "apá ọ̀hún ni wọ́n ti sun àgbò" lórí àwọ̀n irin kan náà. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ń kán, ẹ̀mú ń rìn kiri, ọ̀bẹ ń rìn kiri. Ẹ ra ti Àlháájà lọ́dọ̀ Mùsùlùmí tí kò fi ẹlẹ́dẹ̀ sórí iná rẹ̀ rárá, kí abọ́ wọn sì dá wà. Ọ̀wọ̀ ni, ìmọ́tótó sì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó jinná dé egungun. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ń jẹ̀ káàkiri lè ní ọmọ aràn nínú ẹran rẹ̀, funfun róbótó bí hóró ìrẹsì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìjinná á ní aràn gígùn pẹlẹbẹ nínú ìfun. Ibi tó wá kan gbogbo ayé ni pé ẹyin aràn yẹn ń bá ìgbẹ́ ẹni náà jáde. Bí kò bá fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ tó sì gé àlùbọ́sà fún oníbàárà, ẹni tó jẹ àlùbọ́sà yẹn lè gbé ẹyin náà mì, ọmọ aràn á sì bá ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ rẹ̀. Ó wà lára ohun tó ń fa wárápá ní ilẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń jẹ̀ káàkiri. Ẹni tí kò fi ẹlẹ́dẹ̀ kan ẹnu rí láyé rẹ̀ lè kó o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wo ọwọ́ kí ẹ tó wo ẹran.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ orin náà, nítorí kì í ṣe ẹran nìkan ni ènìyàn ń torí rẹ̀ jáde nílé. Ìlú tó lórin ni Àjàṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé Adjogan jáde, ẹ fi ọ̀pá irin aláìlóǹkà òrùka tí wọ́n ń pè ní alounloun han àwọn ìbejì, kí ẹ sọ fún wọn pé orin ààfin ọba ìlú yìí ni. Bí àwọn olórin bá lu massè tàbí kaka, irú ìlù ìbílẹ̀ méjì, ẹ sọ fún wọn nípa Sagbohan Danialou, ará Àjàṣẹ́ tó ń lu ìlù tó sì ń kọrin pa pọ̀, tó sọ kaka di ohun tí gbogbo Benin ń jó sí. Ọ̀pọ̀ ìlù tí wọ́n ń lù níhìn-ín, Adjarra ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí i, ẹ mú wọn lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi awọ bò ó. Àlháájà tí wọ́n ti Kétu wá ní tiwọn láti sọ. Ilé Gèlèdé ni Kétu, UNESCO ti kọ Gèlèdé sínú ìwé ogún àjogúnbá gbogbo ayé, Benin, Nàìjíríà àti Tógò ló sì jọ ni ín níbẹ̀. Àwọn ìyá ni wọ́n ń fi Gèlèdé yẹ́ sí. Ìyá àgbà tó mọ orin Ẹ̀fẹ̀ tó wá jókòó sílé nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń lọ wo ìlù, àdánù ńlá ni lójú mi.

Ti Ìdòwú ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí. Ìlù tí a fọwọ́ lù ní gbangba kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àpótí agbóhùn ńlá tí a ń pè ní bàfù. Ohun méjì ló ń ba etí jẹ́: bí ariwo ṣe ga tó, àti bó ṣe pẹ́ tó. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ariwo ṣe ga tó. Ariwo tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, àgbàlagbà lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 8 lóòjọ́. Bí ó bá fi 3 péré lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì: 88 di wákàtí 4, 91 di wákàtí 2. Nígbà tó bá fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 ni. Ní ọdún 2022, 100 yìí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òpin fún ibi tí wọ́n ti ń ṣe orin. Nítòsí bàfù, orin alẹ́ máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà la ń wí o. Etí ọmọ oṣù 7 kò lágbára tó tiyín, ọmọ náà kò sì lè sọ pé ó ń dùn òun. Ọmọ míì á kàn sùn lọ, wọ́n á ní ó ń gbádùn orin.

Ọ̀rọ̀ ìjìnnà ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ní gbangba, bí ẹ bá jìnnà sí bàfù kan ní ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 wálẹ̀. Torí náà ẹ tẹ́ ẹní yín sí ẹ̀yìn pápá, kí ẹ má sì ṣe dojú kọ ẹnu bàfù. Bí ẹ bá nílò láti pariwo kí ọkọ yín tó dúró níwọ̀n apá kan sí yín tó lè gbọ́ yín, ibẹ̀ ti burú jù fún ọmọ kankan. Ẹ ra ìbotí fún Ìdòwú bí ẹ bá rí i, irú èyí tó bo gbogbo etí láti òde. Òwú kò tó nǹkan, ó sì lè há sí i létí. Ìmọ̀ràn mi gan-an ni pé kí ẹ lọ ní ọ̀sán, nígbà tí ìlù ọwọ́ ṣì wà lójú agbo, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n bá ti ń dán bàfù wò. Bàbá ìbejì lè padà lọ ní alẹ́ bó bá wù ú. Ọmú ni oúnjẹ Ìdòwú níbẹ̀ látòkèdélẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹran há a lẹ́nu, kí ẹ má sì jókòó síbi tí èéfín ń fẹ́ sí.

Ìyókù kò gùn. Ẹ fi aṣọ alápá gígùn wọ̀ wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, torí ẹ̀fọn etí ọ̀sà. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sí ọrùn ọwọ́ àwọn ìbejì, kí ẹ yan igi kan tí ẹ ó ti pàdé. Ẹ má kó gbogbo wọn sórí zémíjàn kan.

Bí inú bá sì tún dà rú pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, omi tó ti jáde lára wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn mu padà. Bí kò bá sí àpò kékeré oògùn omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà nílé oògùn, ẹ po ó fúnra yín: lítà 1 omi mímọ́, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí gbogbo ṣíbí náà tẹ́jú, kó má lókìtì. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu, ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ máa fi ṣíbí fún wọn díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Bí wọ́n bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún wọn ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró tí àgbàlagbà ń lò.

Bí ojú ọmọ bá jìn sínú, tí kò bá tọ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí ó bá rọ jọwọrọ tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn. Ìdòwú kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ lára: bí òun bá ń bì tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ máa gbé e lọ, kí ẹ máa fún un lọ́mú lójú ọ̀nà. Ẹ kọ aago tí wọ́n jẹun àti aago tí èébì bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé kí ẹ tó kúrò nílé, pẹ̀lú ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ, kí ẹ fi lé dókítà lọ́wọ́.